Agolo Irun Orí Wọ́dúróòbù

Ní ilé wa ní Òmù-Àrán, a kì í fi irun orí ṣeré. Tí ìyá mi bá tú irun fún wa tán, á ṣa gbogbo èyí tó já, títí kan ẹyọ kan tó bá lẹ̀ mọ́ ọn nítan, á ká a ní róbótó róbótó, á fi sínú agolo mílíìkì kan tó wà lábẹ́ ibùsùn. Tí agolo bá kún, á dáná sun ún lẹ́yìn ilé, á sì gbẹ́lẹ̀ bo eérú rẹ̀. Mo bi í léèrè nígbà kan pé kí ló dé tí kò kàn gbá a dànù. Ó ní ọmọ aráyé ò dára, ẹni tó bá rí irun orí ẹni mú ti rí orí ẹni mú. Ọmọ ìjọ paraku ni ìyá mi o, ṣùgbọ́n ó ní Ọlọ́run ò sọ pé kí a má ṣọ́ra.

Bí èmi náà ṣe dàgbà nìyẹn. Mo kàwé, mo di olùkọ́, mo wá ń gbé ní Tanke, ní Ìlọrin, mo sì ní agolo tèmi lórí wọ́dúróòbù. Mo ti bá àwọn olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi fi irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ rẹ́rìn-ín rí, ṣùgbọ́n tí mo bá délé, mo máa ń ká irun mi sínú agolo. Ọmọbìnrin mi, ọ̀kan ṣoṣo tí Ọlọ́run fún mi, kò tíì mọ bàtà á wọ̀ tí mo ti kọ́ ọ pé a kì í fi irun sílẹ̀. Ó mọ ìyẹn ju àkọ́sórí tí wọ́n fún un ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ.

Ọwọ́ télọ̀ kan ní Ọjà Tuntun ni ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Kérésì ń bọ̀, mo fẹ́ rán aṣọ. Obìnrin náà na téèpù yí mi nídìí ká, téèpù ò pàdé, ó wá fẹ̀rín sí i pé, "Màmá, ẹ dúró ná, kí n wá téèpù mìíràn." Ẹni ọdún mẹ́rìndínláàádọ́ta ni mí. Ẹni tó ń pè mí ní màmá yìí fi ọdún márùn-ún jù mí lọ, ó kéré tán. Ó pẹ́ kí n tó rántí pé téèpù ọwọ́ rẹ̀ ti já lẹ́nu, pé kò pé tẹ́lẹ̀.

Mo délé tìbínú tìbínú. Inú bí mi sí télọ̀, ó bí mi sí ara mi, ó bí mi sí ìkòkò ọbẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi kan fi mí sínú ẹgbẹ́ kan lórí wasáàpù, níbi tí àwọn obìnrin ti ń bára wọn díje lórí ẹni tí yóò kọ́kọ́ fọn. Ọ̀gá wa níbẹ̀, tí a kò rí ojú rẹ̀ rí, fi òfin lélẹ̀: kò sí ẹ̀bà, kò sí iyán, kò sí ìrẹsì, kò sí ẹran. Kùkúḿbà àti omi gbígbóná láàárọ̀, ẹ̀fọ́ lásán ní ọ̀sán, alẹ́ di ti Ọlọ́run. Èmi tí ojú mi máa ń le tí wọ́n bá kéde ààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta ní ìjọ, mo ṣe é fún oṣù mẹ́ta gbáko.

Ọmọ mi ni akọ̀wé mi. Ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni. Lọ́kọ́ja ni bàbá rẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́, ẹ̀ẹ̀kan lóṣù ló ń wálé, nítorí náà àwa méjèèjì la jọ ń gbé. Ní gbogbo àárọ̀ Sátidé, mà á gun ìwọ̀n, òun á bẹ̀rẹ̀, á ka nọ́ńbà náà sókè, á ya fọ́tò rẹ̀. "Mọ́mì, kílò méjì ti lọ!" Àwa méjèèjì á pàtẹ́wọ́. Lọ́jọ́ kan tí inú mi dùn, mo fọwọ́ gbá a nítan, mo ní, "Ìwọ náà, ṣọ́ra o. Ibi tí ìtan yìí ń lọ, mo mọ̀ ọ́n." A jọ rẹ́rìn-ín ni. Ohun tí mo rántí nìyẹn.

Nígbà tó di oṣù kẹta, irun bẹ̀rẹ̀. Mo ń múra ìjọ, mo ti ìyarun bọ irun, ìyarun sì yọ̀ lọ gẹ̀rẹ̀ bí ẹni pé kò sí ohun tó dì í mú. Nígbà tí mo wò ó, eyín rẹ̀ ti dí pa. Irun wà lórí ìrọ̀rí, irun lẹ̀ mọ́ ọṣẹ ìwẹ̀. Mo ń kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì mi ní ìṣirò lọ́jọ́ kan, ẹyọ kan já bọ́ sórí ìwé ọmọ tó jókòó níwájú. Ọmọ náà fi ìka méjì mú un, ó nà án sí mi tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Mo gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, mo fi sínú báàgì mi, ìṣirò tí mo ń ṣe sì pòórá lórí mi.

Mo lọ sọ́dọ̀ onídìrí mi, obìnrin Ìlọrin kan tó ti ń bá mi dirun tipẹ́. Ó ya irun mi sọ́nà kan, ó dáwọ́ dúró. 

"Sùbúhánáláì," ó ní. "Àǹtí, ṣé ẹ bímọ ni?"

"Ọmọ wo?"

"Irun abiyamọ ló ń já báyìí. Tí ọmọ bá ti tó oṣù mẹ́ta láyé, irun ìyá ẹ̀ á máa já. Ẹ ò bímọ, ẹ ò sì ṣàárẹ̀. Ta lẹ wá ń fún lọ́mú?"

Àwàdà ló fi ṣe, ṣùgbọ́n òun fúnra rẹ̀ ò rẹ́rìn-ín. Ó ṣa irun tó já sínú náílọ́ọ̀nù, ó so ó ní kókó méjì, ó fi lé mi lọ́wọ́. Ó ní kí n máa mú ẹrù mi lọ, kí n má fi sọ́dọ̀ òun. Lọ́jọ́ náà ni agolo mi kún. Mo sun ún lẹ́yìn ilé, mo bo eérú rẹ̀.

Sátidé ni mo sun ún. Nígbà tó di Ọjọ́rú, mo gbé agolo sọ̀ kalẹ̀ láti fi ìwọ̀nba tí mo ní lọ́wọ́ sí i. Mo ṣí i, ó ti dé ìdajì.

Mo kọ́kọ́ rò pé mo ti gbàgbé ni. Ẹni tí ebi ń pa, iyè rẹ̀ kì í jí. Mo ti gbàgbé kọ́kọ́rọ́ sára ilẹ̀kùn lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ yẹn. Mo wá fi bíróò fa ìlà sínú agolo, níbi tí irun dé gan-an, mo sì pinnu pé n kò ní fi ẹyọ kan sí i fún ọjọ́ mẹ́ta. Tèmi, inú báàgì ni mo ń ká a sí. Ní ọjọ́ kẹta, ní ọ̀sán gangan, oòrùn ń wọlé láti ojú fèrèsé, mo ṣí agolo. Irun ti bo ìlà mọ́lẹ̀.

Ẹ̀rù bà mí, n kò ní purọ́. Ọmọ aráyé tó ń jí irun ẹni, wọ́n ti kọ́ mi bí a ṣe ń ṣọ́ra fún un. Ti ẹni tó ń kó irun wá bá ni nílé ńkọ́? Mo yẹ nẹ́ẹ̀tì fèrèsé wò, kò ya. Mo da òróró sí igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yàrá, mo gbàdúrà títí ohùn mi fi há. Mo pe ọmọ mi, mo ní kò gbọdọ̀ wọ yàrá mi mọ́ tí n kò bá sí ńlé, nítorí n kò fẹ́ kí ohunkóhun tó ń ṣe mí kàn án. Ó ní òun ti gbọ́. Kádígàn ló wọ̀. Oṣù Ẹrẹ́nà ni o, ooru Ìlọrin ń bọ́ èèyàn láwọ̀, ọmọ sì wọ kádígàn, ó de nẹ́ẹ̀tì mọ́rí. Mo rò pé ó ti ń di wúńdíá, ó ti ń tijú ara rẹ̀. Ní ọjọ́ kejì, irun inú agolo tún lé.

Mo pe ìyá mi lórí fóònù, mo rò fún un. Ó gbọ́ ọ tán.

"Ẹni tó ń kó irun lọ ni mo mọ̀," ó ní. "N ò gbọ́ ti ẹni tó ń kó irun wá rí." Ó wá bi mí léèrè. "Ṣé irun rẹ ni?"

"Ti ta ni ì bá tún jẹ́, Màámi?"

"Mo ní kí o wò ó. Irun ò jọra."

Mo tẹ́ aṣọ funfun sórí ibùsùn, mo da agolo dé sórí rẹ̀. Tèmi rọrùn láti mọ̀: rílásà ti nà án, dáì ti sọ ọ́ di dúdú kirikiri, ìdí rẹ̀ sì funfun. Ṣùgbọ́n irun mìíràn wà níbẹ̀, ó sì pọ̀ ju tèmi lọ. Ó kúrú, ó ká kókó, kò rí rílásà rí, ó rọ̀ bí irun ọmọ ìkókó. Wọ́n ti ká a ní róbótó róbótó, bí mo ṣe ń ká tèmi, bí ìyá mi ṣe ń ká tirẹ̀. Mo tú ọ̀kan. Òwú dúdú tí wọ́n fi ń kó irun ọmọ iléèwé wà nínú rẹ̀.

Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Gbogbo rẹ̀ wá tò síwájú mi. Abọ́ oúnjẹ tó ń gbé lọ síléèwé, tó máa ń padà wálé ní fífọ̀. "Mo ti jẹun, Mọ́mì" tó ń sọ lójoojúmọ́, tí èmi náà ń dúpẹ́ pé n kò ní láti dáná tí òórùn ẹ̀bà yóò fi máa dán mi wò. Páàdì tí mo rà fún un kí iléèwé tó wọlé ní oṣù Ṣẹ́rẹ́, tó ṣì wà bó ṣe wà ní bálùwẹ̀.

Nígbà tó dé láti iléèwé, ó rí agolo ní ẹsẹ̀ mi, ó sì dúró sẹ́nu ọ̀nà. Mo ní kó wá. Mo bọ́ nẹ́ẹ̀tì orí rẹ̀. Awọ orí ọmọ mi ń dán láàárín ìlà irun bí ìgbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bí i. Mo bọ́ kádígàn, mo rí eegun èjìká rẹ̀, mo sì fi ọwọ́ bo ẹnu mi.

"Ẹ má bínú, Mọ́mì," ó ní. "Ẹ ní kí n má wọ yàrá yín mọ́, ẹ sì ti ní a kì í fi irun sílẹ̀. N ò mọ èyí tí ǹ bá tẹ̀ lé."

Mo sunkún lọ́jọ́ yẹn bí ọmọdé. Òun ló ń rẹ̀ mí lẹ́kún.

Dókítà tó rí wa kò pariwo mọ́ mi. Ì bá sàn kó pariwo. Ó ní tí oúnjẹ ò bá tó, ara á gbé ìwọ̀nba tó ní fún ọkàn àti ẹ̀dọ̀, irun ló máa kọ́kọ́ gbàgbé. Ó ní tí oúnjẹ bá padà, irun á padà, ṣùgbọ́n kò ní yá. Ti ọmọ ló jẹ ẹ́ lógún ju tèmi lọ: ó gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, ó bi í nígbà tó rí nǹkan oṣù rẹ̀ gbẹ̀yìn, ó sì ní á máa wá lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ó wá yíjú sí mi, ó ní kí n gbé ìwọ̀n kúrò nílé.

Mo gbé e kúrò. Mo jáde kúrò nínú ẹgbẹ́ wasáàpù. Irun inú agolo, mo gbìyànjú láti ya tèmi sọ́tọ̀, kò ṣeé yà tán, mo bá sun ún pọ̀.

Ní Sátidé, dípò ìwọ̀n, mo te ẹ̀bà, mo se ilá pẹ̀lú ẹja, mo gbé abọ́ kan ṣoṣo kalẹ̀ fún àwa méjèèjì. Ọmọ mi fọ ọwọ́, ó jókòó, kò sì na ọwọ́. Mo bu òkèlè.  Mo gbé e mì. Òun náà bu tirẹ̀, kékeré, ó gbé e mì. Mo bu òmíràn, ó bu òmíràn. Mo dáwọ́ dúró láti mu omi, ọwọ́ rẹ̀ dúró lókè abọ́. Mo gbé kọ́ọ̀bù kalẹ̀, n kò ṣe nǹkan kan. Òun náà ò ṣe nǹkan kan. Ojú rẹ̀ kò sí lórí oúnjẹ rárá, ọwọ́ mi ló ń wò. Bó ṣe ń wò ó láti Kérésì nìyẹn, n kò sì fura.

Mo ti yó. Mo tún bu òkèlè.