Elétè Kì í Rẹ́rìn-ín

Bí ẹ bá fẹ́ mọ ohun tó wà nínú ẹṣin, etí rẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Awòjú ló kọ́ mi bẹ́ẹ̀. Mi ò fẹ́ràn kí ẹni tí mo fi ọdún méjì dàgbà jù lọ máa kọ́ mi ní nǹkan, ṣùgbọ́n òótọ́ ọ̀rọ̀ ni. Ọdún mọ́kànlá ni mo ti ń tún gàárì ṣe nínú ṣọ́ọ̀bù kékeré tó kọjú sí ilé ẹṣin, nínú ọgbà tí àwọn èèyàn ti ń wá kọ́ bí wọ́n ṣe ń gun ẹṣin. Abẹ́rẹ́ àti òwú á wà lọ́wọ́ mi, ojú mi á wà lára ọkùnrin tó ń tọ́jú àwọn ẹṣin náà. Bí mo ṣe mọ ayé rẹ̀ nìyẹn.

Awòjú kì í ṣe orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́. Àwa ará ọgbà la fún un, nítorí pé ẹṣin mẹ́rìndínlógún ló wà níkàáwọ́ rẹ̀, kò sì sí àárọ̀ kan tí kì í wo ojú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan kó tó fún wọn ní koríko. Bí ètè ìsàlẹ̀ ẹṣin kan bá so rọ̀ bí àpò òfìfo, á ní, “Ẹ fi í sílẹ̀, oorun ló ń kùn ún.” Bí etí kan bá wà níwájú tí ìkejì wà lẹ́yìn, ọkàn ẹṣin náà pín sí méjì. Bí etí méjèèjì bá lẹ̀ mọ́ ọrùn, kí ẹni tó bá fẹ́ràn ìka ọwọ́ rẹ̀ yáa sún sẹ́yìn. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ á rí ẹṣin tó ń yán léraléra bí wọ́n bá ti bọ́ ìjánu kúrò lẹ́nu rẹ̀, wọ́n á ní ó ti rẹ̀ ẹ́. Awòjú á mi orí. “Ara ló tù ú. Ṣé ẹ̀yin kì í mí kanlẹ̀ tí ẹ bá bọ́ bàtà tó fún yín?” Bí ọmọ ẹṣin bá sì pàdé àgbà ẹṣin, tó na ọrùn, tó ń gbá eyín rẹ̀ pọ̀ pá-pá-pá, ó ní ẹ̀bẹ̀ ló ń bẹ̀ yẹn: ẹ má lù mí, ọmọdé ni mí. Mo ní ìbá dáa ká rán àwọn ọmọ èèyàn kan wá síbẹ̀ wá kẹ́kọ̀ọ́.

Ìgbà kan wà tó lọ bá ọ̀gá wa, ó ní ẹṣin dúdú ńlá kan ń jẹ̀rora. Ọ̀gá wò ó, kò rí nǹkan kan. Awòjú ní kó wo òkè ojú rẹ̀ bó ṣe hun jọ, kó wo àgbọ̀n rẹ̀ bó ṣe le bí ẹ̀ṣẹ́. Dókítà ẹranko dé, ó tẹ ikùn ẹṣin náà, ó ní bó bá fi dọ̀la ni, òkú rẹ̀ là bá bá. Láti ọjọ́ náà, kò sẹ́ni tó tún bá Awòjú jiyàn lórí ojú ẹṣin.

Nínú gbogbo wọn, abo funfun kan wà tó ti dàgbà, Elétè là ń pè é. Ìyàwó Awòjú ló fún un lórúkọ. Obìnrin aránṣọ kan báyìí ni, ẹnu rẹ̀ mú ju abẹ́rẹ́ rẹ̀ lọ. Lọ́sọ̀ọ̀sán ló máa ń gbé oúnjẹ ọkọ rẹ̀ wá. Ó ní òróró irun kan tó ń fúnra rẹ̀ pò, òórùn rẹ̀ á ti ṣáájú rẹ̀ wọ ọgbà. Bó bá ti sún mọ́ Elétè, ẹṣin náà á fi imú kan ìborùn rẹ̀, á gbé orí sókè, á ká ètè òkè rẹ̀ sẹ́yìn títí gbogbo eyín rẹ̀ á fi hàn síta.

“Ẹ wá wo ẹṣin yìí o!” ni obìnrin náà á pariwo. “Irun mi ló ń fi ṣe yẹ̀yẹ́. Bàálé mi, bá mi bi í léèrè ohun tó ń pa á lẹ́rìn-ín.”

Gbogbo wa la gbà pé ẹ̀rín ni. Ọjọ́ kan ni dókítà ẹranko wá là wá lóye. Ó ní ẹṣin kì í rẹ́rìn-ín. Bí òórùn kan bá ṣàjèjì sí i, á ká ètè bẹ́ẹ̀ kí òórùn náà lè wọlé lọ síbi kan lókè imú rẹ̀, kó lè yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa, bí ẹni tó ń tọ́ ọbẹ̀ wò. Kó lè fi hàn wá, ó na ọwọ́ rẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ọṣẹ fọ̀ sí Elétè. Ètè ká sókè. “Ṣé ẹ rí i? Ọṣẹ, èéfín, epo ọkọ̀, ohun tó bá ti ṣàjèjì ni.”

Ìyàwó Awòjú wò ó látòkè délẹ̀. “Dókítà, ẹ kú iṣẹ́. Èmi mọ ẹni tó ń fi mí rẹ́rìn-ín.”

Ó di ọdún mẹ́ta báyìí tí obìnrin náà ti kú. Àìsàn tó pa á kò pẹ́, àbí ká kúkú sọ pé láti ìgbà tí wọ́n ti mọ̀ ọ́n ni kò pẹ́. Lẹ́yìn ìsìnkú, Awòjú wá jókòó sórí àpótí mi, ó ń wo ilẹ̀. “Ẹ̀gbọ́n,” ó ní, “oṣù mẹ́fà ni àìsàn yẹn fi wà lójú rẹ̀. Ẹṣin mẹ́rìndínlógún ni mò ń wò láràárọ̀. Ojú kan ṣoṣo ló wà nílé, mi ò wò ó.”

Ọmọ kan ṣoṣo ni wọ́n bí, obìnrin, nọ́ọ̀sì ni ní ìlú mìíràn. Òun ló palẹ̀ ẹrù ìyá rẹ̀ mọ́, tó pín aṣọ rẹ̀ fáwọn ẹbí. Ìborùn kan ṣoṣo ló ṣẹ́ kù, torí pé ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ló wà. Awòjú á mú un lálaalẹ́, á fi bo imú, kò gbọ́ òórùn kankan. Ọgbọ̀n ọdún tó fi ń kó ẹ̀gbin ẹṣin ti pa imú rẹ̀ pátápátá. Ó ní ìyẹn dun òun ju ikú fúnra rẹ̀ lọ. Ó wá di àárọ̀ ọjọ́ kan tó ti ìborùn náà bọ àpò wá síbi iṣẹ́. Elétè na ọrùn, ó fi imú tú àpò náà, ó gbé orí sókè, ó ká ètè. Mo kàn gbọ́ igbe ni. Mo sáré jáde pé ẹṣin ti ta á nípàá, àṣé ẹkún ló ń sun. “Ẹ̀gbọ́n, ó ṣì wà níbẹ̀! Èmi ni mi ò gbọ́ ọ. Ó ṣì wà níbẹ̀!”

Láti ìgbà náà ló ti fi ìborùn náà sínú agolo bisikíìtì, tó dé e pinpin kí afẹ́fẹ́ má wọ̀ ọ́. Àárọ̀ ọjọ́ Àìkú nìkan ló ń ṣí i. Á gbé e lọ bá Elétè, á sì máa kà á bí ètè náà ṣe pẹ́ tó lókè: ọ̀kan, èjì, ẹ̀ta. Lọ́dún àkọ́kọ́, ó máa ń kà dé méjìlá. Lọ́dún kejì, ó di mẹ́jọ. Nígbà tó yá, ó wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù, ojú rẹ̀ ti rẹ̀wẹ̀sì. “Ẹ̀gbọ́n, ó ku mẹ́rin.”

Inú bí mi. Mi ò mọ ìdí tó fi bí mi. Mo ní, “Ìwọ náà kúkú gbọ́ ohun tí dókítà wí. Bóyá òórùn náà ti mọ́ ọn lára ni.”

“Ọ̀kan nínú méjì ni, ẹ̀gbọ́n,” ó dáhùn. “Bí òórùn náà kò bá máa tán lọ, á jẹ́ pé ó ti ń sú Elétè. Èwo lẹ fẹ́ kí n mú níbẹ̀?”

Ọmọ rẹ̀ kò yéé bẹ̀ ẹ́ pé kó wá máa gbé lọ́dọ̀ òun. Ilé oníyàrá mẹ́ta, àwọn ọmọ-ọmọ tó ń pariwo, oúnjẹ gbígbóná. Awòjú kọ̀. Yàrá kan ṣoṣo tó wà lẹ́yìn ilé ẹṣin ló dì mú: ibùsùn kan, àga kan, sítóòfù kan, fèrèsé kan tó kọjú sí orí Elétè. Mo bi í pé kí ló ń ṣe é. Ó ní, “Ta ni yóò máa bá mi gbóòórùn rẹ̀ níbẹ̀?”

Ní ọjọ́ Sátidé kan, ọmọ náà fúnra rẹ̀ dé. Ẹ mọ̀ wọ́n, àwọn nọ́ọ̀sì, ìdọ̀tí ni ọ̀tá wọn. Kí bàbá rẹ̀ tó kó ẹṣin ti pápá dé, ó ti kó gbogbo yàrá náà síta. Mo rí aṣọ ibùsùn lórí okùn, mo rí kọ́tìnì, mo rí ṣòkòtò. Alẹ́ ti ń lẹ́ tó fi ṣe tán, n kò wo okùn náà fínnífínní. Ká ní mo wò ó ni.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Awòjú lọ gbé agolo rẹ̀. Ó bá a ní dídojúdé lórí fèrèsé, wọ́n ti fọ̀ ọ́, ó ń dán. Ó jáde síta. Ìborùn náà wà lórí okùn, láàárín kọ́tìnì àti ṣòkòtò, atẹ́gùn ń fẹ́ ẹ. Ó lọ dúró síwájú rẹ̀, kò fọwọ́ kàn án.

Ọmọ rẹ̀ jáde, abọ́ ìfọṣọ wà lọ́wọ́ rẹ̀, inú rẹ̀ ń dùn. “Ẹ káàárọ̀, bàbá mi. Ẹ wo bó ṣe mọ́! Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo fi ọṣẹ olóòórùn dídùn fọ̀ ọ́. Kí ló dé tẹ́ ẹ fi ń kó aṣọ ìdọ̀tí pamọ́ sínú agolo?”

Wọ́n máa ń sọ pé omi ló dànù, agbè ò fọ́. Ṣùgbọ́n omi náà gan-an ni ọkùnrin yìí ń fẹ́, kí ni yóò fi agbè ṣe?

“O ṣeun, ọmọ mi,” ni Awòjú sọ. Ọmọ náà wo ojú rẹ̀, ó sì rí i pé nǹkan ti bàjẹ́. “Bàbá, kí ló dé? Kí ni mo ṣe?” Bàbá ní kò sí nǹkan. Èmi òpònú, èmi ẹlẹ́nu gbọrọ, èmi ni mo là á. Láti ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù mi ni mo ti ní, “Òórùn ìyá rẹ ló wà nínú agolo yẹn. Odidi ọdún mẹ́ta ni bàbá rẹ fi ń ṣọ́ ọ. Ẹṣin yẹn nìkan ló ń bá a gbọ́ ọ.” Ẹyin lọ̀rọ̀. Bó ṣe bọ́ lẹ́nu mi ni mo ti ń wá bí mo ṣe máa ṣà á.

Abọ́ já bọ́ lọ́wọ́ ọmọ náà. Ó kúnlẹ̀ sínú omi ọṣẹ tó dànù. “Mo ti fọ màmá mi dànù,” ó ní. “Bàbá mi, mo ti fọ wọ́n dànù.” Ó ń wí i léraléra, ẹkún gbọ̀n ọ́n bí ẹni tí òtútù mú.

Awòjú wo ọmọ náà. Ó wo ojú rẹ̀ fún ìgbà pípẹ́, bó ṣe máa ń wo ẹṣin tó ń jẹ̀rora. Lẹ́yìn náà ló fa ìborùn náà yọ lórí okùn, ó sì fọwọ́ mú ọmọ rẹ̀ dìde. “Ta ló sọ fún ọ pé òórùn èèyàn máa ń tètè lọ bẹ́ẹ̀? Ọṣẹ lásánlàsàn? Wá, jẹ́ ká lọ bi Elétè.”

Mo tẹ̀ lé wọn, abẹ́rẹ́ wà lọ́wọ́ mi.

Ó na ìborùn náà sí i. Elétè gbé etí méjèèjì síwájú, ó fi imú kàn án, ó tún fi kàn án. Ó gbé orí sókè gan-an, ó ká ètè òkè rẹ̀ títí èrìgì rẹ̀ fi yọ. Awòjú bẹ̀rẹ̀ sí í kà, ọmọ rẹ̀ ń bá a kà á: ọ̀kan, èjì, ẹ̀ta. Wọ́n kọjá mẹ́rin. Wọ́n kọjá méjìlá. Wọ́n dé mẹ́rìndínlógún kí ètè náà tó sọ̀ kalẹ̀.

“Ó mọ̀ wọ́n!” Ọmọ náà ń sunkún, ó ń rẹ́rìn-ín, ó dì mọ́ ọrùn ẹṣin náà. “Wọ́n ṣì wà níbẹ̀!”

“Ó wà níbẹ̀,” ni bàbá rẹ̀ wí. “Ṣé mi ò sọ fún ọ?”

Ó gba òkè orí ọmọ náà wò mí lójú. Kò sẹ́ni tó kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń ka ojú yẹn. Mo rántí ọwọ́ dókítà, mo rántí ọṣẹ, mo sì pa ẹnu mi dé. Pípa á dé le ju gàárì tó le jù tí mo rán rí lọ.

Nígbà tí ọmọ náà fẹ́ máa lọ, ó fẹ́ dá ìborùn náà padà sínú agolo. Awòjú kọ̀. Ó ní kó máa mú un lọ, pé òun ti ní tòun. Ọmọ náà wé e sínú ọ̀rá, ó tún wé e sínú ọ̀rá kejì, ó so ó le kí òórùn ìyá rẹ̀ má baà jáde. Ó kúnlẹ̀ kí bàbá rẹ̀, ó kúnlẹ̀ kí èmi náà, ó wọ mọ́tò.

Ní ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e, Awòjú lọ sọ́dọ̀ Elétè lásìkò tó máa ń lọ. Kò mú nǹkan kan dání. Ẹṣin náà gbóòórùn àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, ó gbóòórùn àpò rẹ̀, ètè rẹ̀ kò mira. Ibẹ̀ ló dúró sí nígbà tí fóònù rẹ̀ dún. Etí rẹ̀ kò dá ṣáká mọ́, fóònù náà ń pariwo, gbogbo ọgbà ló gbọ́ ohùn ọmọ rẹ̀.

“Bàbá mi, mo ṣí i díẹ̀ láàárọ̀ yìí. Òórùn wọn ni o. Mo gbọ́ ọ dáadáa.”

Awòjú fi iwájú orí ti ọrùn Elétè.

“Má máa ṣí i jù o, ọmọ mi,” ó ní. “Ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ ti tó, kó má baà tètè tán.”