Ògiri Tí Lydia Mọ

Lydia aránṣọ, ní Kémta, kì í jalè, kì í purọ́ mọ́ni, kì í sì í pẹ́ dé ṣọ́ọ̀ṣì. Ohun kan ṣoṣo tó mọ̀ ọ́n ṣe ju aṣọ rírán lọ ni odì yíyàn. Ọdún méje gbáko ló fi yan Herbert, àbúrò rẹ̀ ọmọ ìyá kan náà, lódì.

Ọ̀rọ̀ ìyá wọn ló dá a sílẹ̀. Lọ́dún 1979, Lydia wà ní Èkó, ó lọ bá Tòkunbọ̀ ọmọ rẹ̀ wẹ ọmọ tuntun, nígbà tí ìyá wọn kú sí oko lẹ́bàá Ọdẹ́dá. Herbert sáré lọ sí gáréèjì Kútò, ó fi lẹ́tà rán dẹ́rẹ́bà kan sí i. Lẹ́tà kò dé. Òkú kò sì ṣeé tọ́jú lóko, wọ́n sin ín lọ́jọ́ kejì. Ìgbà tí Lydia fi máa dé, erùpẹ̀ ojú oórì ti gbẹ.

"O bo ojú ìyá mi mọ́lẹ̀, o kò jẹ́ kí n rí i," ló sọ fún Herbert.

Herbert dọ̀bálẹ̀, ó ṣàlàyé ọ̀rọ̀ lẹ́tà. Lydia ní irọ́ ni. Ó dùn ún, ta ni kò ní dùn? Ṣùgbọ́n egbò tí èèyàn ń ṣí wò lójoojúmọ́, ìgbà wo ló fẹ́ jinná?

Ilé kan náà ni wọ́n jogún, ilé gbọọrọ ní ẹsẹ̀ àpáta, tí ẹ̀yìn rẹ̀ gun orí àpáta. Herbert ń gbé iwájú, Lydia ń gbé ẹ̀yìn, ọ̀nà àárín ilé ni gbogbo wọn ń gbà bọ́ síta. Lydia pe Ògúnṣẹ̀san bíríkìlà, ó ní kó fi búlọ́ọ̀kù dí ọ̀nà náà pa.

"Mọ́mì, ibo lẹ ó wá máa gbà jáde?" Ògúnṣẹ̀san béèrè.

"Mo ní ilẹ̀kùn lẹ́yìn. Po sìmẹ́ǹtì rẹ kó le."

Ó pò ó, ó sì le. Ilẹ̀kùn ẹ̀yìn náà rèé, orí àpáta ló ṣí sí. Ẹni tó bá gba ibẹ̀ á rọra sọ̀ kalẹ̀, á yí ilé mẹ́rin po kó tó dé títì. Ará Kémta rẹ́rìn-ín títí: ẹni tó ní òun ń ti ọ̀tá mọ́ta, ara rẹ̀ ló tì mọ́lé.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ohùn kan dún lẹ́yìn ògiri. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ káàárọ̀ o. Ẹ jí ire bí?"

Lydia kò dáhùn. Lọ́jọ́ kejì, Herbert tún kí i. Àràárọ̀ ló ń kí i bẹ́ẹ̀, tẹ̀ẹ̀rùn tòjò. Lydia á dúró jẹ́ẹ́ títí ìró ẹsẹ̀ Herbert á fi lọ. Kò ní jẹ́wọ́ fún ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n bí ìkíni náà bá pẹ́, kì í lè jókòó ti máṣíìnì rẹ̀.

Orúnkún bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún. Bí òjò bá rọ̀, tí àpáta ń yọ̀, ó lè lo ọjọ́ mẹ́ta láì jáde. Àwọn oníbàárà kò lè máa gun àpáta nítorí bùbá, wọ́n gba ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn lọ. Bùsírátù aláṣọ, Mùsùlùmí tí wọ́n ti jọ ń bára wọn bọ̀ tipẹ́, ló kù.

"Ìyá Tòkunbọ̀," Bùsírátù ní, "bèèyàn bá dijú pé kẹ́ni burúkú kọjá, kò ní mọ̀gbà tẹ́ni rere máa kọjá. Ẹ wó nǹkan yìí."

Lydia ká aṣọ tó gbé wá, ó ní kó wá gbà á lọ́jọ́ Jímọ́ọ̀.

Ní ṣọ́ọ̀ṣì ńkọ́? Bí wọ́n bá ń gbàdúrà, tó kan ibi tí wọ́n ti ń bẹ Ọlọ́run kó dárí jì wọ́n bí àwọn náà ti ń dárí ji ọmọnìkejì, ẹnu Lydia á pa dé. Lọ́jọ́ Oúnjẹ Olúwa, gbogbo ìlà rẹ̀ á dìde, wọ́n á fara yí i gba iwájú rẹ̀ kọjá, òun nìkan ni yóò kù lórí bẹ́ǹṣì. Alùfáà ìjọ gun àpáta wá bá a, ó ń mí hẹlẹ.

"Màmá, Herbert ń sùn lálẹ́, ẹ̀yin lẹ ò sùn. Ẹni tó di ìkórìíra mú ló ń ṣẹ̀wọ̀n rẹ̀."

Lydia bú sẹ́kún. "Ó ti sú mi, sà. Mo fẹ́ dárí jì í. N ò kàn mọ ibi tí mo máa gbà dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni. Kí làwọn èèyàn máa wí?"

Nítorí kí làwọn èèyàn máa wí, ó tún fi ọdún méjì kún un.

Lọ́jọ́bọ̀ kan nínú oṣù keje ọdún 1986, Lydia gbọ́ ẹsẹ̀ Herbert tó ń bọ̀. Kò gbọ́ ìkíni. Ohun tó gbọ́ ni gbì, ó sì gbọ́ ìkérora.

"Herbert?"

Ìyàwó Herbert ti lọ sóko, kò sí ẹlòmíràn nílé. Lydia gbé ọmọ odó, ó fi lu ògiri títí ọwọ́ rẹ̀ fi bó. Ògiri kò mira. Ó bọ́ sórí àpáta nínú òjò, ó fi ìdí wọ́ sọ̀ kalẹ̀, ó ń pariwo orúkọ àbúrò rẹ̀. Ó pẹ́ kó tó dé iwájú. Herbert wà nílẹ̀ lẹ́bàá ògiri, ó kọjú sí i, ẹnu rẹ̀ ti yí sápá kan.

Dókítà ní ká ní wọ́n tètè gbé e dé ọsibítù ni, àrùn rọpárọsẹ̀ náà ì bá má le tó bẹ́ẹ̀.

Oṣù méjì lẹ́yìn náà, Herbert padà wálé, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kò jáde lẹ́nu rẹ̀ mọ́. Ògúnṣẹ̀san ti wó ògiri, iṣẹ́ àárọ̀ kan péré ni. Lydia ti ń bá wọn gba Oúnjẹ Olúwa. Alùfáà ní Ọlọ́run ti dárí jì í, ó sì gbà bẹ́ẹ̀.

Láràárọ̀, Lydia á gba ọ̀nà àárín ilé lọ síbi ibùsùn Herbert.

"Herbert, o káàárọ̀. Ṣé o jí ire?"

Ètè Herbert á mì. Lydia á dúró díẹ̀, á tún kí i.