Mùtàlíbù Alápákó àti Òjìji Tó Já Sínú Òkun

Ohun tí gbogbo Ìjẹ̀bú-Igbó kọ́kọ́ máa ń rántí nípa olóògbé Mùtàlíbù ni àdúrà tó ṣe níbi ìsọmọlórúkọ kan ní Àtìkòrì. Wọ́n ti sọ ọmọ lórúkọ tán. Àfáà ní kí àgbà kan tún bá àwọn ṣe àdúrà sí i, ni wọ́n bá fi gbohùngbohùn lé Mùtàlíbù lọ́wọ́. Ó ṣe é dáadáa. Ó tọrọ ẹ̀mí gígùn fún ọmọ, ó tọrọ àlàáfíà fún ìyá, ó tọrọ iṣẹ́ gidi fún bàbá. Lẹ́yìn náà ó fọwọ́ pa irùngbọ̀n rẹ̀, ó ní, “Olúwa, gbogbo ẹni tó bá wà nínú omi, tí àwọn èèyàn rẹ̀ ń retí rẹ̀, mú un jáde láyọ̀. Pàápàá jù lọ, Òjìji.”

Gbogbo ilé ṣe àmín. Àwọn ìyá tó jókòó lẹ́yìn pàápàá ṣe é gùn. Ìgbà tí wọ́n ń pín oúnjẹ ni àfáà rọra sún mọ́ bàbá ọmọ, ó ní, “Ẹ kú ìrọ́jú o. Mi ò mọ̀ pé ẹnì kan bómi lọ nínú ẹbí yín. Ọmọ ilé wo ni Òjìji?”

Ojú ti bàbá ọmọ. Ó ní, “Kì í ṣe ẹbí wa, àfáà. Inú fíìmù ló wà.”

Àfáà ní, “Ṣé Mùsùlùmí ni ṣá?”

Pákó ni Mùtàlíbù ń tà ní Òkè-Sopẹ̀n. Ó ga, irùngbọ̀n funfun rẹ̀ kún dé àyà, ohùn rẹ̀ sì lè borí ẹ̀rọ ìlagi. Kò fẹ́ràn fíìmù tẹ́lẹ̀. Irọ́ ni gbogbo rẹ̀, bó ṣe máa ń sọ nìyẹn, òun sì ti ń gbọ́ irọ́ tó lọ́wọ́ àwọn káfíńtà. Ọjọ́ tí pákó já lé e lẹ́sẹ̀ ló yí padà. Wọ́n ní kó jókòó sílé títí egungun yóò fi jinná, kò sì mọ bí wọ́n ṣe ń jókòó sílé. Ó ń tọ́ Asimawu, ìyàwó rẹ̀, sọ́nà bí wọ́n ṣe ń gbálẹ̀. Ó ń kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń se ẹ̀bà. Nígbà tí ọ̀rọ̀ náà sú Asimawu, ó ránṣẹ́ pe Zulaikha, àbíkẹ́yìn wọn tó wà ní yunifásítì ní Àgọ́-Ìwòyè, pé kó wá gba òun lọ́wọ́ bàbá rẹ̀.

Zulaikha gbé kọ̀ǹpútà rẹ̀ wá, ó ṣí fíìmù òyìnbó kan fún un, èyí tó dá lórí ọkùnrin kan tó lè di òjìji, kó gba abẹ́ ilẹ̀kùn wọlé, kó sì gba àwọn èèyàn sílẹ̀ lọ́wọ́ ọ̀tá. Orúkọ tí àwọn òyìnbó fún un gùn. Òjìji ni Mùtàlíbù pè é, Òjìji náà sì ni gbogbo àdúgbò wá ń pè é. Ó wo apá kìíní, ó wo apá kejì. Ní ìparí apá kẹta, wọ́n ti Òjìji lórí afárá, ó já sínú òkun tòun ti àkẹtẹ̀ irin lórí rẹ̀, ojú kọ̀ǹpútà sì dúdú.

Mùtàlíbù ní, “Zulaikha, tẹ̀ ẹ́ kó máa lọ.”

“Ó ti tán, Bàbá.”

“Báwo ni yóò ṣe tán? Ọkùnrin náà ṣì wà nínú omi.”

“Apá kẹrin la máa ti mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí i. Wọn ò tíì ṣe é jáde.”

Mùtàlíbù wo ọmọ rẹ̀ bí ẹni tí wọ́n gbé oúnjẹ kúrò níwájú rẹ̀. “Wọ́n wá ju èèyàn sómi, wọ́n lọ sílé?”

Àtọjọ́ náà ni kò ti sinmi mọ́. Ẹni tó bá wá ra pákó yóò kọ́kọ́ dáhùn ìbéèrè: ṣé Òjìji kú ni àbí kò kú? Èrò ti Mùtàlíbù dá a lójú gan-an. Apẹja kan ló fa Òjìji jáde. Ó wà ní abúlé kan létí omi, kò rántí orúkọ ara rẹ̀ mọ́, ó ń bá wọn tún àwọ̀n ṣe.

Titus ni kò gbà. Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ni Titus, ọmọ ìjọ Áńgílíkà, ọ̀rẹ́ Mùtàlíbù láti kékeré. Nítorí kó lè rí ohun bá a jiyàn lé lórí ló ṣe wo fíìmù náà. Ó ní, “Mùtà, irin ló wà lórí ọkùnrin yẹn. Irin kì í léfòó. Ó ti kú.”

“Ṣé ìwọ ti dé irin sórí já sómi rí ni?”

“Rárá.”

“Kí lo wá mọ̀ níbẹ̀, Tíṣà?”

Nígbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ jinná, Mùtàlíbù fẹ́ mọ̀ ọ́n fúnra rẹ̀. Ó mú ìkòkò irin Asimawu láìsọ fún un, ó wọkọ̀ lọ sí Efire, ní ìhà ọ̀sà, ó sì bẹ apẹja kan tó ń jẹ́ Jedidiah pé kó wa òun lọ sórí omi díẹ̀. Jedidiah rò pé ìkòkò náà wà fún ẹja. Wọn ò tíì jìnnà sí èbúté tí bàbá yìí fi dìde dúró nínú ọkọ̀, ó dé ìkòkò sórí, ó ní bísímílà, ó sì bẹ́ sómi.

Gbogbo èèyàn tó wà ní èbúté ló sáré wá. Jedidiah bẹ́ tẹ̀ lé e, ó di irùngbọ̀n rẹ̀ mú, ó sì fà á jáde, nítorí ibẹ̀ ni ọwọ́ rẹ̀ kọ́kọ́ bà. Nígbà tí Mùtàlíbù bi omi tó mu tán, ó jókòó lórí iyanrìn, inú rẹ̀ dùn dénú. Ó ní, “Ẹ ti rí i báyìí. Èèyàn lè dé irin já sómi kó má kú.”

Jedidiah ní, “Bàbá, èmi ni mo fà yín jáde.”

“Ohun tí mo ń bá wọn sọ gan-an nìyẹn. Apẹja ni.”

Ìròyìn yìí dé Àgọ́-Ìwòyè kó tó délé. Zulaikha àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ẹgbẹ́ rẹ̀ ní ẹgbẹ́ kan tó máa ń jókòó sọ̀rọ̀ lórí ohun tí apá kẹrin yóò jẹ́. Nígbà tí wọ́n gbọ́ pé bàbá kan bẹ́ sínú ọ̀sà nítorí ọ̀rọ̀ náà, wọ́n ní kó wá bá àwọn sọ̀rọ̀. Mùtàlíbù wọ agbádá tó máa ń wọ̀ lọ sí yídì. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ṣàlàyé tiwọn fún un. Wọ́n ní ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ayé kan tún wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ayé yìí, kí Òjìji mìíràn sì ti ibẹ̀ wá rọ́pò èyí tó rì.

Mùtàlíbù gbọ́ wọn tán pẹ̀lú sùúrù. Ó ní, “Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ ṣeun. Ẹ kàwé, ọpọlọ yín sì pé. Ṣùgbọ́n tí ọmọ yín bá já sómi, ṣé ẹ máa lọ wá òmíràn láti ayé kejì ni, àbí ẹ máa fa tiyín jáde?”

Wọ́n pàtẹ́wọ́ títí. Ọjọ́ náà ni wọ́n fi í ṣe alága ẹgbẹ́. Zulaikha, tí ara rẹ̀ ti ń bù máṣọ láti àárọ̀ nítorí agbádá yẹn, ló kọ́kọ́ sọ fún gbogbo ẹni tó wà níbẹ̀ pé, “Bàbá mi nìyẹn.”

Ipò alága yìí ló kó bá irùngbọ̀n rẹ̀. Nígbà tí apá kẹrin kù díẹ̀ kó jáde, Titus tún bẹ̀rẹ̀ ní ìsọ̀ pákó pé òkú ni Òjìji. Mùtàlíbù bínú, ó sì sọ lójú gbogbo ènìyàn pé bí fíìmù bá fi lè parí tí Òjìji kò jáde nínú omi, kí Titus fá irùngbọ̀n òun. Wọ́n jọ lọ sí ilé sinimá ní Abẹ́òkúta, pẹ̀lú bọ́ọ̀sì tó kún fún akẹ́kọ̀ọ́. Titus mú abẹ ìfárí dání.

Ní apá kẹrin, wọ́n sin Òjìji. Wọ́n kọrin, wọ́n sunkún, wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ sára òkúta. Nígbà tí orúkọ àwọn òṣèré bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè lójú sinimá, gbogbo èèyàn dìde, Titus sì jáde lọ dúró dè é lẹ́nu ọ̀nà. Mùtàlíbù kò kúrò lórí àga. Zulaikha jókòó tì í, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú.

Ó ní, “Bàbá, ẹ jẹ́ ká máa lọ.”

“Mo ń bọ̀. Jẹ́ kí n kí àwọn tó ṣiṣẹ́ tán.”

Bí orúkọ ṣe tán, òkun tún yọ. Ọkọ̀ ojú omi kékeré kan ń lọ jẹ́jẹ́. Ọwọ́ kan jáde láti inú omi, ó di etí ọkọ̀ náà mú, fíìmù sì parí síbẹ̀.

Bí Mùtàlíbù ṣe jáde, Titus ti yọ abẹ. Mùtàlíbù sọ ohun tó rí. Titus ní irọ́ ni, ó kọjú sí Zulaikha. “Èmi ni mo kọ́ ẹ ní kíláàsì. O ò purọ́ fún mi rí. Ṣé òótọ́ ni?”

“Òótọ́ ni, sà. Mo rí ọwọ́ náà.”

“Ọwọ́ ta ni?”

Mùtàlíbù dá a lóhùn. “Ta ló tún kù nínú omi?”

Titus dá abẹ padà sápò. Bí wọ́n ṣe ń padà bọ̀, Mùtàlíbù ló ń sọ ìtàn náà fún àwọn tó ti jáde kó tó ṣẹlẹ̀. Ní Abẹ́òkúta, ọwọ́ lásán ló jáde nínú omi. Nígbà tí wọ́n dé Ìlápòrú, ó ti dé èjìká. Kí wọ́n tó wọ Ìjẹ̀bú-Igbó, Òjìji ti jókòó sínú ọkọ̀, ó ń kí apẹja.

Apá karùn-ún ni yóò sọ òótọ́ rẹ̀, Mùtàlíbù kò sì dúró dè é. Àìsàn díẹ̀ ló ṣe é nígbà òjò. Ó kírun ìrọ̀lẹ́ tán, ó fẹ̀yìn lélẹ̀, kò sì jí mọ́. Nígbà tí wọ́n ń ṣe àdúrà ọjọ́ kẹjọ, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wá láti Àgọ́-Ìwòyè, wọ́n sì dúró jẹ́jẹ́ lẹ́yìn èrò. Ẹnì kan nínú ẹbí bi wọ́n pé kí ni wọ́n jẹ́ sí olóògbé. Wọ́n ní, “Alága wa ni.” Asimawu gbọ́ ọ. Òun tó ti ń ṣàròyé fíìmù yẹn láti ọjọ́ tí ìkòkò rẹ̀ ti bá omi lọ, òun náà ló ní kí wọ́n gbé àga fún wọn níwájú, láàárín àwọn ọmọ.

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ṣì ń wá sí ìsọ̀ pákó láti sọ̀rọ̀ lórí ohun tí apá karùn-ún yóò jẹ́. Titus náà máa ń wà níbẹ̀. Láìpẹ́ yìí, ọmọ tuntun kan nínú ẹgbẹ́ sọ pé ó dá òun lójú pé Òjìji ti kú, pé ọwọ́ ẹlòmíràn ni wọ́n fi hàn. Titus bọ́ awò ojú rẹ̀. Ó ní apẹja ló fà á jáde, pé ó wà létí omi níbì kan, kò rántí orúkọ rẹ̀, ó ń bá wọn tún àwọ̀n ṣe.

Zulaikha rẹ́rìn-ín. “Ẹ̀yin kọ́ lẹ sọ pé irin kì í léfòó, sà?”

Titus ní, “Èmi ni. Mo bá bàbá ẹ jiyàn rẹ̀ tó nígbà tó wà níbí láti dá mi lóhùn. Ní báyìí, mo ń bá a sọ tiẹ̀.”