Ọjọ́ Tí Wọ́n Gba Ohùn Tèmi Nìkan Sílẹ̀

Òórùn pákó tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rẹ́ ni mo fi ń rántí orin yẹn. Ìsọ̀ kápẹ́ńtà kan ní Ìkirè la ti kọ́ ọ, lábẹ́ páànù tó máa ń gbóná janjan lọ́sàn-án, tí eruku pákó á sì máa lẹ̀ mọ́ wa lọ́rùn. Kápẹ́ńtà náà ló ń kọ báàsì nínú ẹgbẹ́ akọrin ìjọ wa ní Àpòmù. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, gbogbo àwa márùn-ún tí ọ̀gá akọrin yàn bọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà, bí a ti máa ń ṣe nílé àdúrà kí a tó kọrin. Kápẹ́ńtà pariwo mọ́ wa: "Ẹ wọ bàtà yín o! Ìṣó ò mọ Aládùúrà." A rẹ́rìn-ín títí. Èmi náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ọkàn mi ò sí níbẹ̀.

Ìdí ni pé ó ti tó ọdún méjì tí mi ò ti kọrin. Bọ́ọ̀sì tí mo wọ̀ bọ̀ láti Ifẹ̀ gbókìtì nítòsí Wásinmi. Obìnrin tó jókòó tì mí ò dìde mọ́. Èmi dìde, apá mi kan ló kán, gbogbo ìjọ sì bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Láti ọjọ́ náà, bí mo bá ti la ẹnu láti kọrin, ohùn mi á máa gbọ̀n. Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni. Mo ń wọ aṣọ funfun mi, mo ń dúró láàárín àwọn áltò, àwọn obìnrin tó ń kọ ohùn ìsàlẹ̀, mo ń la ẹnu, mo ń pa á dé, láìgbé ohùn kankan jáde. Ìwọ tó ti wà nínú ẹgbẹ́ akọrin rí mọ̀ pé ó ṣeé ṣe. Ohùn àwọn tó kù á bò ẹ́ mọ́lẹ̀. Ẹ̀rù tó ń bà mí ni pé bí wọ́n bá mọ̀, wọ́n á ní ọpẹ́ tí mo dá ò ti ọkàn wá.

Ọmọbìnrin tó pè wá wá kọ orin náà, ọmọ Ìkirè ni, kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún. Orin ló lọ kọ́ ní yunifásítì. Àwọn oníjó mẹ́rin kan ló ń ṣe orin fún, ijó òde òní tí kò ní ìlù, tí kò ní gìtá, ohùn èèyàn nìkan. Ara ni wọ́n fi ń sọ ìtàn ẹnì kan tó jáde nílé tí kò tètè padà. Mi ò rí irú ẹ̀ rí. Orin náà ò fi bẹ́ẹ̀ ní ọ̀rọ̀ nínú. Á ní kí báàsì máa kùn nísàlẹ̀, kí tẹ́nọ̀ máa mí sínú mí síta, á wá máa to ohùn léra wọn bí ẹni ń tẹ́ ẹní lórí ẹní. Èyí tó le jù fún wa ni pé kò fẹ́ kí orin náà parí sórí dò, ohùn tí orin máa ń sinmi lé. Kápẹ́ńtà ò lè gbà. Bó bá ti kù díẹ̀, á rọra sọ̀ kalẹ̀ sórí dò, á sì fi "Àmín" tì í.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ̀ kalẹ̀," ọmọbìnrin náà á bẹ̀ ẹ́. "Ẹni inú ijó náà ò tíì délé."

"Ṣé ká wá fi í sílẹ̀ lójú títì ni?"

"Ẹ fi í síbẹ̀, sà."

Lọ́sẹ̀ kejì ló sọ ohun tí mo ti ń sá fún. Ó fẹ́ gba ohùn wa sílẹ̀ sínú ẹ̀rọ lọ́kọ̀ọ̀kan, kó lè tò wọ́n bó ṣe fẹ́. Kò sí ẹ̀yìn áltò kejì tó wà láàárín wa tí mo lè fara pamọ́ sí mọ́. Mo ní inú ń run mí, mo sì fẹsẹ̀ rìn padà sí Àpòmù, nítorí mi ò tíì lè wọ ọkọ̀. Lọ́jọ́ kejì, nígbà tó kàn mí, ó ní kí àwọn tó kù dúró níta. Mo la ẹnu. Ohun tó jáde gbọ̀n, ó já, ó tún gbọ̀n, ó wá di èémí lásán. Mo bú sẹ́kún. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un: ọkọ̀ yẹn, obìnrin ẹ̀gbẹ́ mi, ọdún méjì tí mo fi ń tan ìjọ jẹ.

Kò ní kí n gbàgbé. Kò gbàdúrà lé mi lórí. Nígbà tí mo nu ojú tán, ó ní, "Mọ́mì, ohùn yín ò bàjẹ́. Ó ń gbọ̀n ni. Mo lè lò ó bó ṣe wà yìí. Tí ẹ ò bá fẹ́, màá pa á rẹ́ níṣojú yín."

"Wọ́n á mọ̀ pé èmi ni."

"Wọ́n á mọ̀, mà."

Kò purọ́ fún mi. Ìyẹn ni mo fẹ́ràn jù nínú ìwà rẹ̀. Mo ní kó jẹ́ kí n kọ́kọ́ gbọ́ ọ ná.

Ọjọ́ mẹ́ta ló fi ṣe é. Ó mú ohùn tó ń gbọ̀n yẹn, ó tò ó léra lẹ́ẹ̀mẹ́rin, ọ̀kan ń tẹ̀lé ọ̀kan, èyí ga díẹ̀ ju ìyẹn lọ, ó wá tẹ́ báàsì sábẹ́ wọn. Nígbà tó jẹ́ kí gbogbo wa gbọ́ ọ, bí ìgbà tí obìnrin mẹ́rin bá di ara wọn lọ́wọ́ mú tí wọ́n ń gun òkè ló rí létí mi. Ọ̀kan nínú àwọn oníjó dìde láìsí pé ẹnikẹ́ni pè é. Orúnkún rẹ̀ ń gbọ̀n bí ohùn náà ti ń gbọ̀n, síbẹ̀ kò ṣubú.

Kápẹ́ńtà ló kọ́kọ́ la ẹnu. "Áltò wo nìyí?"

Mo wolẹ̀. "Èmi ni, sà. Bó ṣe wà láti ọdún méjì nìyẹn. Mi ò kọrin rárá ní ṣọ́ọ̀ṣì."

Ó ní: "Abájọ! Mo sọ fún ọ̀gá akọrin pé áltò wa ti fẹ́lẹ́, ó ní etí mi ló ń darúgbó." Ó mi orí, ohùn rẹ̀ rọ̀. "Jẹ́ kó lò ó, ìyá."

Mo yíjú sí ọmọbìnrin náà. "Lò ó."

Gbọ̀ngàn ilé ìwé kan ní Ìkirè ni wọ́n ti jó o. Àwa akọrin dúró ní ẹ̀gbẹ́ ògiri, a ń kọrin mọ́ èyí tó ti gbà sílẹ̀. Nígbà tó dé ibi tèmi, mo gbé ohùn sókè pẹ̀lú ohùn mi mẹ́rin tó tò léra yẹn. Ó gbọ̀n. Mo jẹ́ kó gbọ̀n. Mo gbọ́ ara mi ketekete.

Mi ò ní sọ pé orin wò mí sàn. Ẹ̀rù ọkọ̀ ṣì ń bà mí. Ṣùgbọ́n mo ti rò tẹ́lẹ̀ pé ó dìgbà tí ohùn mi bá dúró kí n tó ní ẹ̀tọ́ láti kọrin. Ẹni tí mo lè bí lọ́mọ ló fi hàn mí pé àyè wà fún ohùn náà bó ṣe wà, bí ẹni tó ń to orin bá ní sùúrù láti wá ibi tó yẹ kó gbé e sí. Lọ́jọ́ Ìsinmi tó tẹ̀lé e, mo jẹ́wọ́ fún ọ̀gá akọrin. Ó ní kí n kúrò lẹ́yìn, kí n wá síwájú. Ibẹ̀ ni mo wà títí dòní, mo ń kọrin jẹ́jẹ́, ohùn mi ṣì ń gbọ̀n, wọ́n sì ń gbọ́ ọ.