Oyin Tó Lẹ̀ Mọ́ Ife

"Ṣé ife ni mo yá ọ ni, Kúbúrá, àbí oyin?"

Ìbéèrè tí Mùsílímátù bi ọ̀rẹ́ rẹ̀ nìyẹn ní Lásúnwọ̀n, ní Ìkòròdú. Láti ọjọ́ náà, kò fi "ìwọ" pè é mọ́. "Ẹ káàárọ̀ mà" ló kù, bí ìgbà tí èèyàn ń kí ìyá ọkọ. Bẹ́ẹ̀, ẹgbẹ́ ni wọ́n, wọ́n jọ lọ ilé-kéwú ni. Ká ní Mùsílímátù bú Kúbúrá ni, ìyẹn ì bá sàn fún un ju "ẹ" yẹn lọ.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ kò ju báyìí lọ. Èjìnrìn, lọ́nà Ẹ̀pẹ́, ni Mùsílímátù ti ń ra oyin tó ń tà. Kéèkì ni Kúbúrá ń yan. Lọ́jọ́ tí oyin tán mọ́ Kúbúrá lọ́wọ́, ife tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fi wọn òróró ló gbé sáré lọ yá oyin ife kan. Nígbà tó dà á sórí ìyẹ̀fun, gbogbo rẹ̀ yọ̀ jáde, ife dà bí èyí tí wọ́n fọ̀. Ìgbà tó máa san án, ó fọ ife, ó nù ún gbẹ, ó bu oyin kún un dé ẹnu. Mùsílímátù dojú ife kodò sínú bókẹ́ẹ̀tì rẹ̀, ó dúró, ó dúró. Èyí tó wà nísàlẹ̀ àti lára ife kò bọ́. Ó lẹ̀ mọ́bẹ̀ bí ayálégbé tí onílé ní kó kó jáde, tó ní òun kò tíì rílé.

"Fi ṣíbí ha á," ni Kúbúrá wí.

"Kí n máa ha ife oní-ife bí ọmọ tí kò yó? Èyí tó lẹ̀ yìí, gbèsè ni!"

Kúbúrá fara da "ẹ" yẹn títí, agbára rẹ̀ kò gbé e mọ́. Ta ni yóò máa bá a tọ́ kéèkì wò? Gbogbo ará ilé rẹ̀ ló ń sọ pé ó dùn. Mùsílímátù nìkan ló ń sọ òtítọ́. Ó fi òróró ra inú ife yíká, ó bu oyin sí i, ó mú kéèkì dání, ó di ilé Mùsílímátù.

"Ẹ wò ó, mà," ni òun náà wí, ó dojú ife kodò. Oyin yọ̀ bọ̀rọ́. Mùsílímátù ti ìka bọ inú ife, kò rí nǹkan kan lá.

"Òróró lo fi pa á? Ìwọ Kúbúrá yìí!"

"Ìwọ" náà dùn mọ́ Kúbúrá nínú. Ó ń wò káàkiri. Ló bá rí ife tí Mùsílímátù fi ń wọn oyin fún oníbàárà: wọ́n dorí rẹ̀ kodò sórí igi méjì tó dábùú ẹnu bókẹ́ẹ̀tì kejì, oyin ń kán, tó, tó.

"Mùsílí, oyin ta ni ó ń kán yẹn?"

"Oyin mi ni."

"Kì í ṣe ti oníbàárà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde?"

"Mo fún un ní ènì!"

"Ọrẹ ni ènì. Èyí tó bá lẹ̀, gbèsè ni. Ìwọ lo sọ bẹ́ẹ̀. Èmi tí mo ti ń rà á lọ́wọ́ rẹ láti ìgbà tí mo ti ń pọn Toheeb ọmọ mi, tó ti wá hu irùngbọ̀n ńkọ́?"

Mùsílímátù yọjú síta, ó wọ̀tún, ó wòsì, ó ti ilẹ̀kùn. "Rọra sọ̀rọ̀! Bí mo bá san tìẹ, gbogbo Lásúnwọ̀n ni yóò tò sẹ́nu ọ̀nà mi. Jókòó, gé kéèkì."

Ó jẹ ẹ́, ó ní ṣúgà rẹ̀ pọ̀ jù. Kúbúrá rẹ́rìn-ín, ó gé òmíràn fún un. Oyin náà, Mùsílímátù kò san án títí dòní.