Àmínà Já Wa Nírọ́

Ẹ̀yin èèyàn mi, ọmọ ọdún mẹ́fà já gbogbo ìdílé wa nírọ́ lónìí.

Àmínà ni, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin. Bàbá rẹ̀ kú nígbà tó ṣì ń rákòrò. Àbújá la máa ń sọ fún un pé ó wà. Tẹ́lẹ̀, tó bá ti gbọ́ Àbújá, á kàn rẹ́rìn-ín, á máa ṣeré rẹ̀ lọ.

Ọ̀sán òní, ó wà lọ́dọ̀ mi ní ṣọ́ọ̀bù tí mo ti ń ránṣọ ní àdúgbò Takie. Oníbàárà mi kan ń bá ọkọ rẹ̀ tó wà ní Àbújá sọ̀rọ̀ lórí fóònù. Àmínà tẹjú mọ́ ọn títí tó fi lọ.

"Àǹtí, ṣé àwọn tó wà ní Àbújá máa ń pe ilé?"

"Wọ́n máa ń pè."

"Ṣé wọ́n máa ń wálé Iléyá?"

"Wọ́n máa ń wá."

"Dádì mi kì í pè, wọn kì í sì í wá. Ṣé wọ́n ti kú ni?"

Mo kàn fà á mọ́ra.

Ló bá sọ sí mi létí pé, "Ẹ má sọ fún mọ́mì mi pé mo ti mọ̀ o. Wọ́n máa sunkún."

Ìgbà wo ló gbọ́n tó báyìí?

Ó ń jẹ búrẹ́dì lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi bí mo ṣe ń tẹ èyí. Ìyá rẹ̀ ti ń bọ̀ wá mú un. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bí ọmọ, ẹ gbà mí: ṣé kí n sọ fún ìyá rẹ̀, àbí kí n pa àṣírí ọmọ mọ́?