Oògùn Kòkó Tí Bàbá Mi Fi Wo Orí Mi

Nígbà tí mo ṣì kéré ní Òdòdé, nísàlẹ̀ òkè Ìdànrè, agbára káká ni ẹ fi máa rí ọmọ tí làpálàpá ò jà rí. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí, ẹ má rẹ́rìn-ín. Ìyarun kan náà ni èmi àti àwọn àbúrò mi fi ń yarun, orí ẹní kan náà la sì ń sùn. Bó bá mú ẹnì kan lónìí, kí ẹlòmíì máa retí tirẹ̀. Tèmi yọ sí òkè etí ọ̀tún, ó rí roboto bíi kọ́bọ̀, ó ń yún mi, irun ibẹ̀ sì ń já. Ìyá mi fi adín pa á, ó fi ọṣẹ dúdú fọ̀ ọ́, ó ní yóò lọ. Bàbá mi ni kò lè fara balẹ̀.

Àgbẹ̀ kòkó ni bàbá mi, àníyàn kì í sì í jẹ́ kó jókòó. Kí ọ̀kan nínú wa ṣáà wúkọ́, á ti dìde. Bẹ́ẹ̀ náà ló ń ṣe sí àwọn igi kòkó rẹ̀. Lákòókò òjò, àmì dúdú kékeré kan máa ń yọ lára èso kòkó, kí ẹ tó ṣẹ́jú, á ti ràn ká gbogbo rẹ̀, kòkó á dúdú, á jẹrà. Láyé ìgbà náà ni àwọn òṣìṣẹ́ ọ̀gbìn wá kọ́ àwọn àgbẹ̀ wa láti máa fín oògùn kan, aláwọ̀ aró, tí wọ́n ń pò mọ́ ìyẹ̀fun funfun kan tó ń jó ọwọ́. Bàbá mi fín in, àmì dúdú náà kò sì ràn mọ́. Inú rẹ̀ dùn débi pé kò sí ẹni tó yà kí i tí kò ní gbọ́ ìròyìn oògùn náà.

Ẹ ti mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ. Lówùúrọ̀ ọjọ́ kan, ó yí orí mi sí oòrùn, ó rí i pé làpálàpá náà ti fẹ̀ sí i. Ó ní, "Bó ṣe ń ṣe kòkó nìyí. Bó ṣe ń bẹ̀rẹ̀ nìyí gan-an." Ẹ̀rù bà á pé yóò jẹ gbogbo orí mi tán. Ó bu oògùn kòkó, ó fi omi díẹ̀ pò ó kó lè ki, ó fi ìyẹ́ adìẹ kùn ún sí mi lórí, ó sì fi aṣọ dì í. Ìyá mi ti lọ sódò. Kó tó dé, igbe mi ti gba àdúgbò. Ó tú aṣọ náà, awọ orí bá a wá.

Egbò yẹn pẹ́ kó tó jinná. Nígbà tó sì jinná tán, ojú ibẹ̀ fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́ ọmọdé, ó ń dán, irun kan ò sí níbẹ̀. Láti ìgbà náà ni ọkàn wa ò ti balẹ̀ mọ́ nínú ilé. Àràárọ̀ ni ìyá mi ń fi àtàǹpàkò tọ́ ibẹ̀ wò bóyá nǹkan yóò gún un lọ́wọ́. Wọ́n ní ká fi omi àlùbọ́sà pa á, a pa á. Wọ́n ní ká máa fi abẹ fá a lemọ́lemọ́ kí irun lè jí, a sì ń fá awọ tí kò nírun. Ìyá bàbá mi á wò ó, á mi orí, á ní, "Ojú àpá kò jọ ojú ara," ìyá mi á sì yí ojú kúrò.

Èmi fúnra mi, ẹ̀rù ń bà mí. Ẹ mọ bí Yorùbá ṣe ń sọ̀rọ̀ orí, pé orí ẹni ló ń gbe ni. Mo wá ń rò ó pé orí tó ti pá lápá kan, ṣé yóò lè gbé mi délé ọkọ? Bí àwọn ẹgbẹ́ mi bá di ṣùkú, ìyá mi kì í gbà kí n di í, nítorí ṣùkú á kó irun lọ sókè, àṣírí á tú. Láti òsì sí ọ̀tún ló ń di tèmi, kí irun ẹ̀gbẹ́ kejì lè bo ojú àpá. Bí atẹ́gùn bá fẹ́ pẹ́nrẹ́n, ọwọ́ mi á ti wà létí.

Bàbá mi nìkan ló ní ìtùnú. Ó gbà pé bí òun kò bá tètè dá sí i, gbogbo orí mi ni ì bá lọ sí i. Á máa sọ fún àlejò pé, "Díẹ̀ ló bá a lọ. Èmi ni mo gba èyí tó kù là."

Nígbà tó yá, èmi àti ìyá mi wọ bọ̀lẹ̀kájà lọ sí ilé ìwòsàn ní Àkúrẹ́. Dókítà fi awò wo orí mi, nọ́ọ̀sì sì ń túmọ̀ ohun tó ń wí. Ó ní ihò tí irun ń gbà jáde ti dí, gbòǹgbò rẹ̀ ti jó, kò sí ìpara tó lè jí i. Ó ní bí mo bá dàgbà, wọ́n lè bá wa gé e kúrò lórí ní Ìbàdàn, kí wọ́n fa etí awọ méjèèjì rán pọ̀. Ohun tí ìyá mi gbọ́ ni pé wọ́n á gé orí mi kúrò. Ó fà mí mọ́ra, ó kọrí sẹ́nu ọ̀nà, nọ́ọ̀sì ló sáré dì í mú, tó ń ṣàlàyé pé awọ ibẹ̀ ni, kì í ṣe orí. Ọ̀ràn tó bá ju ẹkún lọ, ẹ̀rín là ń fi í rín. Gbogbo àwọn tó jókòó síbẹ̀ rẹ́rìn-ín, ìyá mi náà sì rín díẹ̀.

Ẹ̀rín náà kò pẹ́. Dókítà bèèrè ohun tó jó mi. Nígbà tí ìyá mi sọ ọ́, ó ní irú làpálàpá tí a ṣàlàyé yẹn kì í pa irun. Bí a bá ti fún un ní oògùn tirẹ̀, irun ì bá padà hù. Oògùn kòkó ló ba ibẹ̀ jẹ́.

Nínú ọkọ̀, nígbà tí à ń bọ̀, ìyá mi di ọwọ́ mi mú. Ó ní, "Ọma mi, bàbá rẹ ò gbọdọ̀ gbọ́ eléyìí. Kò ní lè gbé e." Nígbà tí a délé, ó sọ fún un pé dókítà ní ká ṣe sùúrù. Àníyàn mi wá di méjì, ti irun, àti ti ẹnu mi tí mo ń bẹ̀rù pé ó lè ṣì sọ. Bí bàbá mi bá tún ń ròyìn bó ṣe gbà mí là, ilẹ̀ ni mo máa ń wò.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ìyàwó alágbàṣe kan tí wọ́n jọ wá ṣiṣẹ́ kòkó nítòsí wa fa ọmọbìnrin rẹ̀ wọlé. Làpálàpá wà lórí ọmọ náà. Ó ti gbọ́ pé bàbá mi ní oògùn rẹ̀. Bàbá mi dìde tayọ̀tayọ̀, ó wọ yàrá lọ pò ó. Ìyá mi wò mí, ó tún wo ọmọ náà. Bí mo bá sọ̀rọ̀, mo ti da ìyá mi. Bí mo bá dákẹ́, ọmọ yìí yóò dà bí èmi.

Mo tú gèlè mi, mo fi ọwọ́ méjèèjì la irun mi, mo sì kúnlẹ̀ níwájú obìnrin náà kó lè rí i dáadáa. Ó wò ó, ó sì fa ọmọ rẹ̀ mọ́ra. Ibẹ̀ ni bàbá mi bá mi nígbà tó jáde, igbá oògùn lọ́wọ́ rẹ̀.

Ó ní, "Kí lo ń ṣe?"

Ìyá mi ló dá a lóhùn. Ó sọ gbogbo ohun tí dókítà wí, kò fi ọ̀kan pamọ́, ó sì ní kí obìnrin náà gbé ọmọ rẹ̀ lọ sí Àkúrẹ́. Wọ́n yára lọ.

Bàbá mi wá bèèrè jẹ́ẹ́ pé, "Bí mi ò bá fọwọ́ kàn án, ì bá hù?"

Ìyá mi ní, "Ì bá hù."

Ó jókòó sílẹ̀, ó fi ọwọ́ bojú, oúnjẹ tutù níwájú rẹ̀. Kò tún sọ fún àlejò kankan pé òun gba orí ẹnikẹ́ni là. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ kejì, kó tó lọ sóko, á pè mí, á ra òrí mọ́ ọwọ́, á fi pa ojú àpá náà pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, nítorí ọyẹ́ máa ń mú kó là. Kì í ṣe pé ó ń retí irun mọ́. Bẹ́ẹ̀ ló ń ṣe títí mo fi relé ọkọ. Bẹ́ẹ̀ ni, mo rí ọkọ fẹ́, ẹ má yọ ara yín lẹ́nu.

Ayé ti yí padà o. Ọmọ-ọmọ mi fi irun àtọwọ́dá fa orí rẹ̀ le títí ẹ̀bátí rẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í pá, ohunkóhun tí wọ́n bá sì ní kó fi pa á nínú fóònù ló ń fi pa á. Ọjọ́ tí mo rí i pé ojú ibẹ̀ ti fẹ́ máa dán, èmi tí eékún ń dùn, mo fà á lọ bá dókítà awọ ara ní Àkúrẹ́. Dókítà náà, ọmọdébìnrin lásán lójú mi, ní a kò tíì pẹ́ jù. Ó ní kó dẹ́kun fífa irun le. Ó fún un ní abẹ́rẹ́ sí ojú ibẹ̀ àti ìpara, kí èyí tó kù má baà kú. Ó ní èyí tó bá ti di àpá, bí ó bá ti rọlẹ̀ pátápátá, wọ́n lè yọ irun láti ìpàkọ́ wá gbìn síbẹ̀, bí a ṣe ń tú ọmọ kòkó lọ gbìn sóko, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í ṣe gbogbo àpá ló ń gbà á.

Ó wá rí tèmi lábẹ́ gèlè. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní, "Màmá, ṣé ká gbìyànjú tiyín náà?"

Mo ní kó tọ́jú ti ọmọ-ọmọ mi. Tèmi, bàbá mi ti tọ́jú rẹ̀.